Àmì Ara Ewé Inú Ìkòkò: Ẹ Wò Ó Dáadáa Kẹ́ Ẹ Tó Ra Oògùn

Ewé inú ìkòkò ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá àwọn tí ara wọn nípọn, tí omi kún inú wọn: ọ̀dúndún, àbámodá, aloe vera tí àwọn àgbà ń pè ní etí erin, àti jade, igi kékeré láti Gúúsù Áfíríkà tí àwọn tó ń ta òdòdó máa ń tò sétí títì. Púpọ̀ nínú yín ló ní ọ̀kan lójú fèrèsé tàbí ní igun pálọ̀. Ìbéèrè kan náà ni mo sì máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ní in: "Àmì ti ń jáde lára ewé mi, oògùn wo ni kí n fín sí i?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fín nǹkan kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú àmì tó ń jáde lára irú ewé báyìí nínú ilé, kì í ṣe àrùn ló fà á. Omi ni, oòrùn ni, tàbí ìkòkò tí a gbìn ín sí. Kò sí oògùn tó lè wo ewé tó jókòó sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ kò lu. Ẹni tó bá fi oògùn ṣáájú, owó ẹ̀ á lọ, ewé á tún gba ìyà kún ìyà, ohun tó fa àmì á sì jókòó síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ìgbésí ayé tí ewé yìí ń gbé. Tẹ̀tẹ̀, ewúro, ṣọkọ àti ọ̀pọ̀ ewé tó kù, ọ̀sán ni wọ́n ń ṣí ihò kéékèèké tí wọ́n fi ń mí. Àbámodá àti jade kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á pa ihò náà dé lọ́sàn-án kí oòrùn má baà fa omi inú wọn gbẹ, òru ni wọ́n ń ṣí i. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá gbà lóru, wọ́n á sọ ọ́ di èròjà kíkan, wọ́n á fi pamọ́ sínú ewé títí ilẹ̀ á fi mọ́, tí wọ́n á wá fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn sọ ọ́ di oúnjẹ. Onímọ̀ ewé kan tó ń jẹ́ Benjamin Heyne, tó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba ní ọdún 1813. Ó ní òun fi ẹnu kan ewé àbámodá láàárọ̀, ó kan gan-an. Nígbà tó di ọ̀sán, kò ní ìtọ́wò kankan mọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń korò díẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní Linnean Society ló tẹ lẹ́tà náà jáde ní 1815. Lára ewé tí gbogbo wa mọ̀ lẹ́yìnkùlé ni ó ti rí àrà yìí, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá rántí ẹ̀.

Ohun tí pípa ihò dé lọ́sàn-án yìí túmọ̀ sí fún ẹni tó gbin àbámodá sínú ìkòkò ni pé ewé yìí kì í jẹ́ kí omi lọ. Omi tó mu lónìí lè tó o lò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí a bá wá ń bomi rin ín láràárọ̀ bí ẹni ń tọ́jú ebè ẹ̀fọ́, gbòǹgbò á máa fà, ewé kò sì ní rí ibi tó máa gbé e sí. Ibẹ̀ gan-an ni àmì tó wọ́pọ̀ jù lọ ti ń wá.

Nítorí náà, ẹ gbé ìkòkò náà lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojú àmì náà, ẹ fi ọwọ́ pa á, ẹ yí ewé náà padà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ni gbogbo ẹ̀. Ọwọ́ yín á sọ ohun tí ojú nìkan kò lè sọ.

Bí ó bá le, tó rí ságisági lábẹ́ ìka, tó ga díẹ̀ kúrò lára ewé, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí èèpo igi, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn ewé ló pọ̀ sí jù, omi àpọ̀jù nìyẹn. Gbòǹgbò ń fa omi yára ju bí ewé ṣe lè tú u sílẹ̀ lọ, àwọn yàrá tíntìntín inú ewé wú títí wọ́n fi bẹ́, ojú ọgbẹ́ náà sì gbẹ. Àsìkò òjò ló máa ń yọjú nílé wa, nígbà tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ tutù, tí a ti fèrèsé nítorí ìjì, tí ilẹ̀ inú ìkòkò kò sì gbẹ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester á rí i nígbà òtútù, tí wọ́n bá ń bomi rin ewé bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ò tó. Kì í ran ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kì í pa ewé. Kò fẹ́ oògùn kankan. Ẹ dá omi dúró, ẹ ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá, ó tán.

Ohun tó máa ń dààmú àwọn èèyàn ni pé wọ́n ti dá omi dúró, àmì náà ò lọ. Kò ní lọ. Àpá ni. Ewé kì í tún awọ ara rẹ̀ ṣe bíi tiwa. Àmì tó bá ti wà lára ewé kan á wà níbẹ̀ títí ewé náà á fi já bọ́. Ewé tuntun tó ń yọ lórí ni kẹ́ ẹ máa wò. Bí ìyẹn bá ń jáde ní mímọ́, ẹ ti ṣàṣeyọrí, bí àwọn ti ìsàlẹ̀ tilẹ̀ rí jákujàku. Mo ti rí àwọn tó gé gbogbo ewé orí igi kan dànù torí àpá, tí igi náà sì kú, nítorí pé inú àwọn ewé tí wọ́n gé yẹn ni oúnjẹ àti omi rẹ̀ wà.

Oòrùn náà ń dá àmì sí ewé lára, àmì tirẹ̀ sì rọrùn láti mọ̀. Ẹnì kan á ti gbé aloe vera sínú pálọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní ìparí ọyẹ́, àánú ewé náà á ṣe é, á ní kó jáde lọ gba oòrùn, á gbé e sórí sìmẹ́ǹtì ní gbangba ìta nínú oṣù Kejì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ara ewé á ṣí níbì kan, á funfun ràkọ̀ràkọ̀, á wá di àwọ̀ ilẹ̀, á sì gbẹ bíi pépà. Ẹ wo ibi tó wà: ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí oòrùn nìkan ni. Ewé tí òmíràn ṣíji bò kò ní in. Àrùn kì í yan ẹ̀gbẹ́ kan báyẹn. Ẹ dá a padà síbòòji, tó bá yá, kẹ́ ẹ máa gbé e jáde díẹ̀díẹ̀, oòrùn àárọ̀ nìkan lákọ̀ọ́kọ́, fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kó lè mọ́ ọn lára. Àmọ́ bí gbogbo ara aloe bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí awọ rẹ̀ ṣì ń dán, tí kò sì sí ibi tó gbẹ, ìyẹn kì í ṣe jíjó. Ọ̀nà tó ń gbà dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn ni. Bó bá dé ibòòji, àwọ̀ ewé á padà.

Àmì funfun kéékèèké, tó tò lọ létí ewé jade bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ dá a, tó sì ń kúrò tí a bá fi èékánná họ ọ́, iyọ̀ inú omi nìyẹn. Ewé jade ní àwọn ihò kan tó ń gbà tú omi jáde. Omi á gbẹ lọ, iyọ̀ á kù. Omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe é torí ẹfun tó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀, borehole etí òkun l'Ékòó náà ń ṣe é. Omi òjò ni kẹ́ ẹ máa lò fún un bẹ́ ẹ bá lè rí i gbè, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ tútù nù ún.

Ó wá kù sí èyí tí kò gbọ́dọ̀ dúró dọ̀la. Bẹ́ ẹ bá tẹ ojú àmì náà, tí ìka yín wọlé, tó rọ̀, tó dúdú tàbí tó rí bí omi, tó sì ń rùn, ewé ti ń jẹrà. Bakitéríà tàbí fọ́ńgọ́ọ̀sì inú ilẹ̀ ló ti ráyè wọlé, omi tó dúró sídìí ìkòkò ló sì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ tú u kúrò nínú ìkòkò. Ẹ gbọn ilẹ̀ ara gbòǹgbò dànù kẹ́ ẹ wò ó. Gbòǹgbò tó yè á le, àwọ̀ rẹ̀ á mọ́. Èyí tó ti jẹrà á dúdú, á yọ̀ lọ́wọ́, awọ rẹ̀ á máa bọ́. Ẹ fi spírítì nu ọ̀bẹ yín, ẹ gé e títí ẹ ó fi kan ibi tí inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, kẹ́ ẹ máa nu ọ̀bẹ náà lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ́ ohun tó kù síbòòji, níbi tí atẹ́gùn wà, fún ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan, kí ojú ọgbẹ́ gbẹ. Kẹ́ ẹ tó gbìn ín padà, ẹ da ilẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ nù, ẹ má tún un lò. Ẹ po yanrìn ìdá méjì mọ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá ìdá kan, tàbí kẹ́ ẹ fi ẹ̀ẹ̀dú tí ẹ fọ́ sí wẹ́wẹ́ kún un, ẹ sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún un lómi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìkòkò díẹ̀, torí ó ń dùn mí. Wọ́n ń ta àwọn ìkòkò aláràbarà tí ìdí wọn dí pátápátá, wọ́n sì ń gbin ewé elómi sínú wọn láti tà. Kò yẹ. Garawa ọ̀dà tí ẹ fi ìṣó gbígbóná lu nídìí dára jù ú lọ. Ìkòkò amọ̀ ló dára jù lọ fún wọn, torí ara rẹ̀ ń mu omi, ó sì ń jẹ́ kí ilẹ̀ yára gbẹ. Bẹ́ ẹ bá sì gbé àwo sábẹ́ rẹ̀, ẹ da omi inú àwo náà nù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá bomi rin ín tán. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí omi kàn, ẹ ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ilẹ̀ títí dé ìdí ìkòkò, ẹ fà á yọ. Bí ilẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ bomi sí, kì í ṣe orí ewé, ẹ má sì ṣe é lálẹ́, torí omi tó bá sùn sí àárín ewé ni fọ́ńgọ́ọ̀sì ń wá.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì ara ewé náà wà, mi ò sọ pé kò sí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí àwọn tí mo ti kà sílẹ̀ ni pé ó ń tàn ká. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ewé náà ní ọjọ́ Àìkú, kẹ́ ẹ tún yà á ní Àìkú tó tẹ̀ lé e. Bí àmì bá ti tóbi sí i, tó ti kan ewé kejì, tó rí roboto, tí àárín rẹ̀ jìn wọnú, tí ó sì ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú yí ká, a jẹ́ pé èyí tí wọ́n ń pè ní anthracnose ni. Ẹ gé ewé náà, ẹ gbé ìkòkò yẹn jìnnà sí àwọn yòókù, ẹ má jẹ́ kí omi kan ewé mọ́. Bó bá ṣì ń tàn lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà yẹn ni oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ní kọ́pà nínú tó kàn, ní ìwọ̀n tí ara ìgò bá kọ, láì ṣàfikún.

Èyí tó dà bí ìyẹ̀fun funfun lójú ewé ọ̀dúndún ńkọ́? Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni ìyẹn pẹ̀lú. Lára jade, ìyẹ̀fun náà lè má hàn, kó jẹ́ èépá àwọ̀ ilẹ̀ nìkan lẹ máa rí lójú ewé. Imí ọjọ́ ń pa á. Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí: bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n 32 Celsius, imí ọjọ́ á jó ewé, ọ̀pọ̀ ọ̀sán nílé wa ló sì ju ìyẹn lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbà tí ojú ọjọ́ tutù ni kẹ́ ẹ lò ó. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ti fi òróró dóńgóyárò sára ewé náà, ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí imí ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, torí àwọn méjèèjì pọ̀ ń ba ewé jẹ́.

Aloe ní àrùn tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní rust. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí àmì pípọ́n kékeré bí orí abẹ́rẹ́, ó sì máa ń di dúdú, á le. Àwọ̀ dúdú yẹn, aloe fúnra rẹ̀ ló fi dí ibi tí àrùn gbà wọlé kí ó má baà kọjá ibẹ̀. Kì í sábà pa á. Ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ máa gbẹ, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀.

Kòkòrò ló kù. Bẹ́ ẹ bá rí i tí èèrà ń gun ìkòkò, tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, ẹ wo abẹ́ ewé àti ibi tí ewé ti so mọ́ igi. Ẹ ó rí kòkòrò funfun tó rí bí òwú, tó ń fa omi ara ewé mu; omi dídùn tó ń ti ara kòkòrò yẹn jáde ni èèrà ń wá, èèrà sì ń ṣọ́ ọ. Ẹ rẹ òwú bọ spírítì, ẹ fi kan kòkòrò kọ̀ọ̀kan, ẹ tún un ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ẹ kò fi ní rí i mọ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ lè rí okùn tíntìntín bíi ti aláǹtakùn láàárín ewé, pẹ̀lú àmì wínníwínní tó ṣí lójú rẹ̀. Omi ọṣẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí òróró dóńgóyárò á ká a. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ewé kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ dúró ọjọ́ mẹ́ta, torí awọ àwọn ewé yìí ní ìda tó ń dáàbò bò ó, ọṣẹ àti òróró sì lè bó o.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fín ọ̀tápiápiá sí i. Mo mọ̀ pé òun ló sún mọ́ ọwọ́ jù, mo sì mọ̀ pé ó ń pa kòkòrò. Dichlorvos ló wà nínú ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀, ó sì léwu débi pé ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà fòfin de àwọn ìgò kéékèèké rẹ̀ tó jẹ́ 100 ml. Ewé tí à ń sọ yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ọ̀dúndún ni ìyá àgbà máa ń já láàárọ̀ kùtù láti gún, òun ni wọ́n ń fi tu ara. Àbámodá ni wọ́n ń fún omi rẹ̀ nígbà tí ikọ́ bá mú ọmọ. Ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Bràsíl, nínú àwọn ilé ẹ̀sìn Candomblé, wọ́n ṣì ń pe ọ̀dúndún, ewé tútù, ní odundun, wọ́n sì ń fi wẹ orí. Ẹni tó fín oògùn náà lè ti rìnrìn àjò nígbà tí ẹlòmíràn bá já ewé náà láìmọ̀. Bí oògùn èyíkéyìí bá kan ewé inú ìkòkò yín, títí kan kọ́pà àti imí ọjọ́ tí mo dárúkọ, ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì sọ fún gbogbo ará ilé pé kò ṣeé jẹ, kò sì ṣeé fi sára.

Ewé tí ẹ bá gé kúrò, ẹ má jù ú sẹ́yìnkùlé. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, kó bá pàǹtírí lọ. Àbámodá ní èròjà kan nínú tó ń ṣe ọkàn ẹran ọ̀sìn léṣe. Ní Australia, níbi tí òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ ti di igbó, wọ́n ti pa màlúù. Ewúrẹ́ tó ń jẹ káàkiri àdúgbò kò mọ èyí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, etí ewé àbámodá ń hù níbi tó bá bọ́ sí, àrùn tí ẹ gé dànù á sì padà bá yín nílé.

Híhù yìí kan náà ló máa gbà yín bí igi náà bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹ wá ewé àbámodá kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ mọ́, láti orí, ẹ tẹ́ ẹ lé yanrìn tó rin díẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà ṣùgbọ́n tí oòrùn ò ti kan án tààrà. Ẹ má bò ó mọ́lẹ̀. Láàárín àwọn eyín etí rẹ̀, ẹ ó rí ewé kékeré méjì méjì tó ń yọ, gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí ewé àgbà náà gbẹ fúnra rẹ̀, torí òun ló ń bọ́ wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ náà bá ti ní ewé mẹ́rin, ẹ lè ṣí wọn lọ sínú ìkòkò tí ẹ lu nídìí. Ti ọ̀dúndún, ẹ gé orí igi rẹ̀, ẹ fi síbòòji fún ọjọ́ mẹ́ta, kẹ́ ẹ kì í bọ yanrìn. Jade náà, bákan náà ni.